Nelson Agholor: Ọmọ Tí Wọ́n Bí ní Èkó, Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Rẹ̀ Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ìtàn bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tó rí bí ẹyin ni, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sáré.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ danfo láti Ìkòròdú, mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yojú wò ó. Ilé kan ló jóná ní Philadelphia lọ́dún 2019. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé fún oníròyìn bí àwọn ṣe ń hán àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó wá fi kún un pé àwọn ò ṣe bíi ti Agholor o.

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń jẹ́ Agholor?"

Mo ní, "Èkó yìí ni wọ́n bí i sí."

Ó ní irọ́ ni.

Kì í ṣe irọ́. Nelson Agholor wá sáyé ní Èkó lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1993. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tampa ní Florida. Lọ́dún 2012, ó wọ yunifásítì USC ní Los Angeles. Ní sáà 2014, ó gba bọ́ọ̀lù ìgbà 104, ó fi rin yáàdì 1,313, ó sì gba touchdown méjìlá, ìyẹn kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá. Lọ́dún 2015, Philadelphia Eagles mú un ní ipò ogún nínú àwọn ọ̀dọ́ tí NFL ṣà lọ́dún náà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Touchdown kan péré ló gbà lọ́dún àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n lọ bá Seattle Seahawks nílé. Ó dúró síbi tí kò yẹ, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fagi lé touchdown tí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà. Bọ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́ láti gbà náà tún bọ́. Ó sọ fáwọn oníròyìn láìfi bò pé ọkàn òun ló ń da òun láàmú. Ní ìdíje tó tẹ̀ lé e, wọn ò fi í sínú àwọn tó máa gbá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù le. Ẹni tó fẹ́ gbé ọ ṣánlẹ̀ ń sáré bọ̀, ojú rẹ á fẹ́ wò ó kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ẹja láàyè ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́: bí o bá di ẹja mú tí ojú rẹ wà níbòmíì, á yọ̀ bọ́.

Ní 2017, Eagles ta ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, wọ́n sì fi Agholor sípò rẹ̀. Ipò yẹn bá a mu. Touchdown mẹ́jọ ló gbà ní sáà yẹn. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n kojú New England Patriots ní Super Bowl. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Patriots ń lé iwájú pẹ̀lú 33 sí 32. Nick Foles ju bọ́ọ̀lù sí Agholor lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló gbà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Eagles gba touchdown, wọ́n sì borí pẹ̀lú 41 sí 33. Super Bowl àkọ́kọ́ tí Eagles gbà nìyẹn. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Agholor gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbà tó o nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó di 2019, fídíò iná yẹn jáde. Ohun tí àwọn tó ń pín in kiri kì í sọ ni pé lọ́jọ́ tó ṣáájú iná náà, Agholor gba touchdown méjì. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rántí. Kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó yin ọkùnrin náà fún ìgboyà rẹ̀, ó sì pe òun àti ìdílé rẹ̀ wá wo ìdíje wọn.

Ó kúrò ní Philadelphia lọ sí Las Vegas Raiders lọ́dún 2020, ó sì fi rin yáàdì 896, èyí tó pọ̀ jù láyé rẹ̀ ní NFL. Lẹ́yìn náà ó gbá fún Patriots àti Baltimore Ravens.

Èmi náà ti ṣi ọdún kan pè lórí ètò yìí rí. Wọ́n gé ibẹ̀ yẹn nìkan, wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wọ̀ mí lára. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè borí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ìyókù.

Nígbà tá a dé Ẹ̀pẹ́, ọmọ náà ti rí fídíò Super Bowl yẹn. Ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí òun fi ti iná ránṣẹ́ sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.