Aṣọ Ìtòkú Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣì Ń Kọ́ṣẹ́

Kò sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Abẹ́òkúta lónìí tí ẹ kò ní bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta aṣọ àdìrẹ. Ó lè jẹ́ ṣáàtì, ó lè jẹ́ bùbá, ó lè jẹ́ fìlà, ti ẹni tó ti sanwó àti ti ẹni tó ní òun á san tí wọ́n bá fowó ránṣẹ́ sí òun láti ilé. Iṣẹ́ tí èmi náà ṣe títí mo fi jáde ilé ìwé nìyẹn, òun ni mo sì ń ṣe títí di òní. Àwọn àgbàlagbà kan gbà pé fóònù ló kó òwò sí ọmọ ilé ìwé lórí. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, á mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó ṣì ń kọ́ nǹkan ti lọ́wọ́ nínú aṣọ ìlú yìí.

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ. Aró rírẹ ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kó tó dìgbà náà, àmọ́ aṣọ funfun tó ń ti Manchester wọlé ló sọ àdìrẹ di òwò ńlá. Kíjìpá tí àwọn ìyá ń hun nípọn. Aṣọ òyìnbó fẹ́lẹ́, ó ṣeé so, ó ṣeé rán, ó sì ṣeé ya nǹkan sí. Nígbà tí rélùwéè tó ti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, aṣọ funfun ń wọlé, aláró sì ń kó tiẹ̀ jáde.

Ìyá ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ kékeré á kọ́kọ́ máa fi ìko so hóró èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ, nítorí pé aró kì í wọ ibi tí okùn bá fún pinpin. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló dé tẹ̀lé wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: wọ́n á se láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ẹ sára aṣọ ní ìlà àti ẹyẹ àti ewé. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ìyẹ́ lò gan-an. Àwọn ló ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sórí aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìbàdàndùn. L'Abẹ́òkúta ní tiwa, àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù, wọ́n á tẹ́ páànù náà sórí aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ kun ojú ihò rẹ̀. Ní 1935 tí Ọba George Karùn-ún ṣe ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, kò pẹ́ tí àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ fi dé orí àdìrẹ. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan.

Ìyá tó ń bá mi rẹ aṣọ ní Ìtòkú ṣì ní ìkòkò ẹ̀lú lẹ́yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró oníyẹ̀fun ló ń lò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nígbà kan tí mo gbé iṣẹ́ ẹlẹ́kọ fún wọn, wọ́n gún ewé ẹ̀lú, wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da eérú sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n gbé e ka orí òmíràn, wọ́n bu omi sí i lórí, omi eérú sì ń kán sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi yìí ni wọ́n fi rẹ ẹ̀lú fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ mi jáde, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n bọ̀ ló ní. Mo ti lanu pé kì í ṣe èyí ni mo bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, má wo àwọ̀ inú ìkòkò. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ ná."

Lójú mi níbẹ̀ ni aṣọ náà ti ń ṣókùnkùn, láti etí aṣọ wọ àárín, títí ó fi di aró. Wọ́n tún rì í, wọ́n tún fẹ́ ẹ, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n wá fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò.

Sùúrù yìí ni ìtàn Abẹ́òkúta dá lé. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, wá ra àdìrẹ níbí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba aṣọ funfun lọ́wìn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tà á, wọ́n á padà lọ san gbèsè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé lẹ́yìn 1929, tí owó kòkó já wálẹ̀, àwọn tí kò rẹ aró rí ya wọ inú iṣẹ́ náà. Aró òyìnbó àti sódà ló la ọ̀nà fún wọn: iṣẹ́ tí ẹ̀lú ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, ìwọ̀nyí ń parí rẹ̀ kíákíá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò rẹ aṣọ tó dára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò da sódà jù, aṣọ jó, ó ń ya lọ́wọ́; òmíràn, omi àkọ́kọ́ ló ti ṣí aró rẹ̀. Oníbàárà tó wá láti Senegal kò mọ aláró kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Abẹ́òkúta ló mọ̀, Abẹ́òkúta ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró òyìnbó, ó ní kí gbogbo aláró padà sídìí ẹ̀lú. Ní 1936 ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà. Àwọn aláró kò gbà pé ohun tí wọ́n fi ń jẹun ló burú, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Òfin náà kò dúró. Lójú tèmi, àwọn obìnrin náà jàre: aró kò ṣe aṣọ níbi, ẹni tó ń kánjú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Aláké náà kò purọ́ pé orúkọ ìlú ti bàjẹ́, òfin kankan kò sì lè dá oníbàárà tó ti lọ padà.

Àwọn obìnrin ọjà yìí kò gbàgbé bí a ti ń jà. Ní 1944, ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Àgbà oníṣòwò tún di akẹ́kọ̀ọ́. Láàrin ọdún díẹ̀, ìjà owó orí gbòde, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké kan náà ti kúrò lórí oyè, kó tó padà wálé ní ìparí 1950.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Fọláṣadé Thomas-Fahm, ọmọ Èkó, lọ sí London ní 1953 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ tí wọ́n pàtẹ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ló yí i lọ́kàn padà, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ, títí dé ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's. Ní 1960 ó padà sílé, ó dá Maison Shade sílẹ̀ l'Ékòó, èyí tó di Shade's Boutique. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lé kóòtù àti gáùn òyìnbó kiri, aṣọ òkè àti àdìrẹ ló ń gé. Ó rán síìpù mọ́ ìró kó lè ṣeé wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tó jẹ́ pé kí èèyàn kàn dé e ni. Ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó fi orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ.

Irú àdìrẹ tí a ń pè ní kámpálà dé ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú àbẹ́là yíyọ́, fóòmù tí a gé ní àwòrán, àti aró aláwọ̀ oríṣiríṣi. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tà lórí aṣọ gínnì. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó fi àwòrán àdìrẹ bojú, ti wọ ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwa. A ò lè bá a jà ní ti owó láéláé.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi tó fẹ́ dá ilé aṣọ sílẹ̀ nílé ìwé, ẹ dúró ná kí ẹ tó tẹ orúkọ tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Ẹ lọ sí Ìtòkú nígbà ìsinmi, ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá aláró kan, ẹ bá wọn pọnmi, ẹ bá wọn sá aṣọ, títí ẹ ó fi mọ ìgbà tí aró jinná. Kí ẹ tó ta ṣáàtì kan, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ara yín. Èyí tó bá ṣí, ẹ má tà á fún ọmọ ẹnikẹ́ni.