Abẹ́rẹ́ Ọmọ àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Inú ìtọ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni wọ́n ti yọ oògùn tó sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di ìyá ọmọ. Piero Donini ló yọ ọ́ ní Róòmù ní ọdún 1949. Nígbà tí wọ́n nílò ìtọ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà Kátólíìkì tó ti dàgbà ni wọ́n ti lọ ń gbà á. Bruno Lunenfeld fi tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì bí ọmọ àkọ́kọ́ nípasẹ̀ rẹ̀ ní 1962. Pergonal ni wọ́n sọ abẹ́rẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kò sí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níta ara ìyá, tí wọ́n bí ní Oldham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní July 25, 1978. Ẹyin kan ṣoṣo tí ara ìyá rẹ̀ mú jáde fúnra rẹ̀ ni Dókítà Steptoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Edwards àti Nọ́ọ̀sì Jean Purdy lò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fífi abẹ́rẹ́ wá ẹyin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wá gbilẹ̀. Ní 1989, àwọn dókítà Giwa-Osagie àti Ashiru gbẹ̀bí ọmọ àkọ́kọ́ tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níta ara ìyá nílẹ̀ wa, ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó. Ìròyìn ayọ̀ gbáà ni. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi títí dòní.

Bí ẹyin bá ti ń pọ̀ ni họ́mọ̀nù ẹ́sítírójìn náà ń pọ̀, òun ló sì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ọ̀rá triglyceride sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ́sítírójìn oníhóró tí à ń gbé mì tún le jù, torí ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin á gbà á. Ẹni tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì mọ̀, ni mo ń bẹ̀rù fún. Nílé àyẹ̀wò tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, mo ti rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀rọ bá yí i tán, omi tó yẹ kó mọ́ gaara á funfun bí ògì. Bí triglyceride bá ti lé ní 1,000 mg/dL, ọ̀rá náà lè dá iná sí páńkíríásì, ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Inú á máa gún onítọ̀hún dé ẹ̀yìn, èébì kò sì ní dáwọ́ dúró. Ó lè pànìyàn. Wọ́n sì lè rò pé ilé ẹyin tó wú nítorí abẹ́rẹ́ ló fà á.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Dókítà Speck ti kọ nípa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn páńkíríásì ní 1865, Dókítà Reginald Fitz ní Boston sì ṣàlàyé bí àìsàn náà ṣe ń kọlu ènìyàn lójijì ní 1889. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti rí àìsàn náà lára àwọn obìnrin tó ń lo ẹ́sítírójìn. Síbẹ̀, nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ní kí tọkọtaya ṣe kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, jínótáìpù wà níbẹ̀, HIV wà níbẹ̀, ti ọ̀rá kì í sábà sí. Èyí ń dùn mí gan-an, torí àyẹ̀wò kékeré ni.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra àtigba abẹ́rẹ́ ọmọ, ẹ ní kí dókítà yín yẹ triglyceride yín wò ṣáájú. Bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, tí inú ń gún yín dé ẹ̀yìn, ẹ má fi sùn nílé.