Choose Your Own Adventure

Ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ọmọdé láti Amẹ́ríkà, tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ń yan ibi tí ìtàn máa gbà. Edward Packard, agbẹjọ́rò, ló pilẹ̀ ọgbọ́n náà lálẹ́ tó ń pa ìtàn fáwọn ọmọbìnrin rẹ̀: ìtàn tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí akọni yóò ṣe, ìdáhùn wọn ò sì bára mu. Ní 1979, Bantam fi The Cave of Time bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ náà.

“Ìwọ” ni ìwé ń pe òǹkàwé. O fẹ́ wọ ihò àpáta? Ṣí ojú ewé yìí. O fẹ́ padà sílé? Ṣí tọ̀hún. Àṣìyàn kan lè la ikú lọ, ìdí nìyí tí ọmọdé fi máa ń ki ìka bọ ojú ewé tó ti kúrò, kó lè rọ́nà sá padà. Inside UFO 54-40 (1982) ló gbọ́n féfé jù: kò sí yíyàn kankan tó dé Ultima, pílánẹ́ẹ̀tì tó dà bíi párádísè; ẹni tó bá kàn ń ṣí ìwé káàkiri láìtẹ̀lé àṣẹ nìkan ló lè débẹ̀.

Bantam dáwọ́ dúró ní 1998. Chooseco, tí òǹkọ̀wé R. A. Montgomery wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló tún ń tẹ díẹ̀ lára àwọn ìwé náà jáde.