Ẹ̀gbọ́n Fela, àti àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ní éèdì

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1997, Fela kú, ẹni ọdún 58. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, sọ fún àwọn oníròyìn pé àìsàn tí éèdì fà ló pa àbúrò òun. Àwọn kan ò gbà á gbọ́ dòní.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, Fela nìkan ni gbogbo èèyàn ń wò. Èmi, ẹ̀gbọ́n yẹn ni mò ń wò. Òun ni mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe kéde éèdì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1986. Dókítà ni, ó mọ àrùn náà dunjú. Àmọ́ àbúrò ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Beko, àbúrò wọn tó jẹ́ dókítà, wà lẹ́wọ̀n Abacha nígbà yẹn. Ta ló kù tó fẹ́ bá sọ ọ́?

Lójú tèmi, ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn le ju iṣẹ́ mínísítà lọ. Torí ní ọ̀pọ̀ ilé, irọ́ ni wọ́n ń pa. "Ibà ni." "Wọ́n ṣe é ni." Ìyá á máa fọ aṣọ ọmọ lóru kí ará ilé má baà rí i. Ìyàwó á máa fi oúnjẹ sí ọkọ lẹ́nu, inú á máa bí i sí ọkọ ọ̀hún, ẹ̀rù tún ń bà á pé, èmi náà ńkọ́? Kò sì lè sunkún síta, torí wọ́n á bi í pé kí ló dé. Orúkọ tá a fún àrùn náà gan-an ti pa ìrètí: kògbóògùn.

Bẹ́ẹ̀, oògùn ti wà lókè òkun láti 1996 o! Ó di 2002 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ tiwa: àgbà 10,000, ọmọdé 5,000, ₦1,000 lóṣù. Tí tọkọtaya bá jọ ní in, ₦2,000 nìyẹn. Tí owó ò bá pé, ta ni kó lò ó?

2006 ló di ọ̀fẹ́. Olikoye ò rí i, ó ti kú ní 2003. Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn déédéé lè dàgbà dàrúgbó. Tí àyẹ̀wò ò bá rí kòkòrò náà mọ́ lára ẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Síbẹ̀, kògbóògùn náà la ṣì ń pè é, ìyá kan sì wà níbì kan tó ń da oògùn ọmọ ẹ̀ sínú agolo Milo òfìfo, kí àlejò má baà ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.