Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Oògùn Tó Ń Yọ́ Lórí Ahọ́n

Amẹ́ríkà ni ọmọ ọdún mẹ́fà tí a ó tẹ̀ lé yìí ń gbé. A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ó dúró fún gbogbo ọmọ tí wárápá líle tí wọ́n ń pè ní Lennox-Gastaut ń bá fà á.

6:30 àárọ̀. Ìyá rẹ̀ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ. Ó ya àpò kékeré, ó yọ oògùn tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó fi lé ọmọ lórí ahọ́n. Clobazam mílígíráàmù 10 ni. Kò fún un lómi. Ọmọ pa ẹnu dé, kò jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń gbé itọ́ mì títí oògùn fi yọ́ tán.

Clobazam oníhóró àti olómi ti wà ṣáájú. Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oníyíyọ́ yìí, Sympazan, fún ọmọ ọdún méjì sókè. Bí ọmọ bá ń pọ hóró, tó ń tu olómi dànù, ta ló mọ iye tó wọnú rẹ̀? Ibẹ̀ ni àǹfààní oníyíyọ́ wà.

10:00 àárọ̀. Oorun ń kùn ún ní kíláàsì. Oògùn ló fà á. Olùkọ́ mọ̀, kò pè é ní ọ̀lẹ.

12:20 ọ̀sán. Wárápá gbé ọmọ ṣubú lójijì, àṣíborí ló gba orí rẹ̀ là. Clobazam ń dín irú ìṣubú yìí kù ni, kì í sábà fòpin sí i. Olùkọ́ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ń wo aago. Kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, títí kan oògùn náà, torí ti ìdènà ni, kì í ṣe ti pàjáwìrì. Láìpẹ́, ọmọ jí. Bí wárápá náà bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn ì bá ti pe ọkọ̀ aláìsàn.

4:00 ìrọ̀lẹ́. Bàbá kọ ìṣubú náà sílẹ̀ fún dókítà. Ó ka oògùn tó kù, torí bí oògùn bá dáwọ́ dúró lójijì, wárápá lè kì í mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

7:00 alẹ́. Mílígíráàmù 10 mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà gbé e dé ìwọ̀n yìí, láti orí 5 lójúmọ́.

9:00 alẹ́. Ọmọ sùn, òbí kò tíì sùn. Wárápá yìí a máa wá lójú oorun.

Ẹ̀yin òbí, wárápá kì í ràn. Ẹ má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ẹ má sì dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín. Bí ó bá ń tu ú dànù, ẹ sọ fún dókítà láìfi pa mọ́.