Ṣíṣe Dáṣíbọ́ọ̀dù Tuntun fún Bàálù Kékeré

Dáṣíbọ́ọ̀dù bàálù kékeré ni páànù alumíníọ̀mù tó wà níwájú awakọ̀, tí wọ́n de aago, rédíò àti bọ́tìnnì mọ́. Bó bá sán, tàbí tí aago ìgbàlódé fẹ́ gbapò ti àtijọ́, wọ́n a ṣe òmíràn.

Páálí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Wọ́n á ya ojú aago kọ̀ọ̀kan sí i, awakọ̀ á jókòó sídìí rẹ̀, á sì na ọwọ́ wò bóyá ó tó gbogbo bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé páànù. Ihò aago ńlá fẹ̀ tó íǹṣì 3⅛, ti kékeré jẹ́ 2¼. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé e kéré díẹ̀, á wá fi fáìlì gbà á díẹ̀díẹ̀ dé ojú ìlà, nítorí ihò tó bá ti fẹ̀ jù kò ṣeé dí mọ́. Síkúrù onídẹ ni wọ́n ń lò nítòsí kọ́ńpáàsì, kí irin má baà fa abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìtò aago ni mo kà sí pàtàkì jù. Aago eré wà lósì, èyí tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ sí wà láàárín, aago gíga wà lọ́tùn-ún, èyí tó ń tọ́ka ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí sì wà lábẹ́ ti àárín. Ní 1937 ni Ilé-iṣẹ́ Ológun Òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì yan aago mẹ́fà tí gbogbo bàálù wọn yóò máa lò. Nínú ìkùukùu, awakọ̀ kò ráyè wá aago kiri.

Nàìjíríà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí: ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kàdúná kọ́ bàálù Air Beetle, tí wọ́n mú láti ara RV-6A ti Amẹ́ríkà. Ní Adó-Èkìtì, níbi tí bàálù àkọ́kọ́ ti balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ìpínlẹ̀ náà ní oṣù kẹwàá 2022, àwọn tó ń lu ara mọ́tò ń gé páànù lójoojúmọ́. Ọwọ́ wà, àṣẹ ló ṣòro. Àjọ NCAA, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ló ń fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ tó lè tún bàálù ṣe, wọn a sì béèrè àwòrán iṣẹ́ náà. Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ páìpù afẹ́fẹ́ aago wò bóyá ó ń jò, kó ṣírò ìwọ̀n ọkọ̀ lọ́tun, kó yí bàálù káàkiri lórí ilẹ̀ láti mọ bí kọ́ńpáàsì ṣe ń ṣì, kó sì buwọ́ lùwé kí ọkọ̀ tó tún gbéra.