Àṣìṣe Tí Ó Ju Igba Ọdún Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti irọ́, ti àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó ju ogún ọdún lọ dáadáa kí òtítọ́ tó bá a.

Nọ́ńbà kan ni ó dá a sílẹ̀: 147,573,952,589,676,412,927. Bí a bá kọ 2 sílẹ̀ lọ́nà mẹ́tàdínláàádọ́rin, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀, tí a sì yọ 1 kúrò, òun ni a ó rí. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ńbà àìṣeépín ni. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tí ó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, bíi 7 tàbí 13. Kò fi ẹ̀rí tì í.

Ó di ọdún 1876, lẹ́yìn ọdún 232, kí ará Faransé mìíràn, Édouard Lucas, tó fi ọgbọ́n ìṣirò hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé Lucas mọ̀ pé nọ́ńbà náà ṣeé pín, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó pín in. Ó dà bí ẹni tí ó gbọ́ òórùn ẹja nínú ilé, tí kò rí ibi tí wọ́n gbé e sí.

Frank Nelson Cole, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ni ó wá a rí. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1903, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York, ó fi nọ́ńbà méjì hàn: 193,707,721 àti 761,838,257,287. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú ìtàn pé kò la ẹnu rárá. Ó sọ méjèèjì di púpọ̀ lójú pátákó, ó jókòó, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ọdún mẹ́ta ni ó fi wá wọn.

Èmi náà dán an wò. Ẹ̀rọ ìṣirò mi kò gba nọ́ńbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bírò ni mo fi ṣe é. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó bọ́ sí i. Ó gbà mí tó wákàtí kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti yé mi. Ọ̀rọ̀ Mersenne, ṣe ni a ní láti gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ Cole, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè yẹ̀ ẹ́ wò. Inú máa ń bí mi tẹ́lẹ̀ bí olùkọ́ wa bá ní ìdáhùn nìkan kò tó, kí a fi bí a ṣe rí i hàn. Inú kò bí mi mọ́.